Ebè 69 tí dróònù kò rí ní Òkukù

Owó ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní oko kan lẹ́yìn ìlú Òkukù, ọ̀gá àwọn alágbàṣe sọ pé ebè ẹgbẹ̀fà, ìyẹn 1,200, ni òun àti ìkejì òun kọ. Èmi tí mo bá wọn débẹ̀ láti fi dróònù ya fíìmù iṣẹ́ oko ní rárá o, ebè 1,131 ni mo kà nínú àwòrán. Ebè 69 ti di àwátì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Oko, wọ́n wo kọ̀ǹpútà mi, wọ́n wo ojú ọ̀gá alágbàṣe, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ti ń kà padà sínú àpò.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: inú mi dùn. Mo ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo sì rò pé ọjọ́ nìyí tí ìwé mi máa wúlò fún ẹbí. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí mo fi mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ṣi nǹkan kà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rí fídíò oko tí wọ́n fi dróònù yà lórí fóònù wa, tó rẹwà, tí ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ. A máa ń gbà pé kò sóhun tó lè sá pamọ́ fún ẹni tó wà lókè. Ó lè sá pamọ́ o.

Igba, igba, igba

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Òkukù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá kúrò ní Òṣogbo tí ẹ forí lé Ọ̀fà, ẹ máa kọjá Ìkìrun àti Ìnísà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Kánò gba ìlú náà kọjá, Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ọgbà kan níbẹ̀. Ní agbègbè yẹn, igbó ti ń fẹ́ parí, ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ọ̀pẹ sì wà káàkiri inú oko. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn sọ́kàn.

Iṣu kì í ta dáadáa nínú ilẹ̀ líle. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fi ọkọ́ wa erùpẹ̀ jọ di ebè: erùpẹ̀ tó rọ̀ máa fún iṣu láyè láti sanra, omi òjò á sì rí ibi ṣàn lọ kó má baà jẹ́ kí iṣu rà. Iṣẹ́ yẹn le ju kéèyàn fẹnu sọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣàsọdùn, kó lọ kọ ebè ogún péré kó wá sọ fún mi bí ẹ̀yìn ṣe ń dun èèyàn.

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe àáro: lónìí a ó kọ ebè nínú oko tìrẹ, lọ́la ó di oko tèmi. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ àwa ọmọ ti wà nígboro, owó ni àwọn àgbà fi ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe é. Àwọn méjì tí Bàbá Oko gbà wá láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Ọ̀gá wọn kò ju ẹgbẹ́ mi lọ.

Wọn kì í gbowó lórí ọjọ́. Orí igba ni wọ́n ń gbà á: bí wọ́n bá ti kọ ebè igba, owó kan nìyẹn. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, èdè wa fúnra rẹ̀ ti gbé ìṣirò yìí pamọ́. Ẹgbẹ̀rin jẹ́ igba lọ́nà mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba lọ́nà márùn-ún, ẹgbẹ̀fà sì jẹ́ igba lọ́nà mẹ́fà. Bí ọ̀gá alágbàṣe bá ti kọ igba kan tán, á ki igi kékeré kan bọ orí ebè tó kẹ́yìn. Igi mẹ́fà ló wà nínú oko lọ́jọ́ yẹn.

Bí bàálù kékeré yẹn ṣe ń dúró lókè

Dróònù náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun, tó sì ní ìwé àṣẹ, ló gbé e wá. Kò tó gíráàmù 250, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ọsàn ńlá kan lọ. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló ní. Méjì ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún, méjì ń yí sọ́wọ́ òsì. Tí gbogbo wọn bá ń yí síbì kan náà, ara dróònù máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òdìkejì, òòyì á kọ́ kámẹ́rà! Tí ẹ bá fẹ́ kó lọ síwájú, abẹ̀bẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn á yí kíákíá ju ti iwájú lọ, á wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, á sì máa lọ.

Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń mọ̀ bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òmíràn ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí pé bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí òun ṣe ga tó. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tó wà fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè dúró sójú kan lókè bí ẹni tí wọ́n so rọ̀, bí atẹ́gùn ò bá ti pọ̀ jù. Kámẹ́rà náà wà lórí ọrùn kan tó ní mọ́tò tirẹ̀: bí dróònù bá fì sọ́tùn-ún, ọrùn náà á fì sósì, kí àwòrán má baà máa gbọ̀n.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la gbé e sókè. Ẹ̀gbọ́n ló yan àkókò yẹn, ìmọ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọ̀ ebè àti àwọ̀ ilẹ̀ tó yí i ká, ọ̀kan náà ni. Bí oòrùn bá dúró sí àtàrí lọ́sàn-án, gbogbo oko á dà bí ẹní kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, ebè kọ̀ọ̀kan máa ní òjìji tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjìji yẹn ni kámẹ́rà ń rí, òun ni àwa náà ń kà.

Mítà 40 la gbé e dé. Níbẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo gba gbogbo oko. Àwòrán kámẹ́rà jẹ́ àkójọ àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. Láti mítà 40, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ebè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70 máa gba nǹkan bíi píkísẹ́lì 45 láti etí kan dé èkejì, èyí tó pọ̀ tó kéèyàn lè dá a mọ̀. Tí ẹ bá gbé dróònù sókè ní ìlọ́po méjì, píkísẹ́lì kan á gba ilẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Oko tí ẹ máa rí á fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa mọ̀ nípa ebè kọ̀ọ̀kan á dín kù.

Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, mo ń fi àmì pupa sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Mo kà á tán, ó jẹ́ 1,131. Mo pa gbogbo àmì rẹ́, mo tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. 1,131 náà ni. Ìgbà yẹn ni mo wá pariwo.

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣìnà. Mo rò pé bí iye kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí òṣùwọ̀n ìyá ọlọ́ja bá ti tẹ̀, kó fi wọn gaàrí lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà lè máa jáde, kó sì jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo wọn. Kí nǹkan bára mu yàtọ̀ sí kó tọ̀nà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rìn ín”

Ọ̀gá alágbàṣe ò pariwo. Ó kàn fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni, ó ní, “Bàbá, mi ò gba owó iṣẹ́ tí n kò ṣe rí.” Ó wá yíjú sí mi. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání, ẹ jẹ́ ká rìn ín.”

A bẹ̀rẹ̀ láti igi àkọ́kọ́, èmi, òun, Bàbá Oko lẹ́yìn wa. Ó ń fi ọwọ́ kan ebè kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. A dé ìdí ọ̀pẹ kan. Ó dúró.

“Ẹ wo abẹ́ ọ̀pẹ yìí. Ebè mélòó lẹ rí?”

Mo kà á. Mọ́kànlá.

“Ó dáa. Ẹ wò ó nínú ẹ̀rọ yín.”

Mo wò ó. Níbi tí ebè mọ́kànlá wà lójú ilẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló wà nínú àwòrán, tó tàn káàkiri bí ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé. Kò sí àmì pupa kankan níbẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀pẹ yẹn láàárọ̀, wọ́n tiẹ̀ wù mí nínú fíìmù. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé nǹkan lè wà lábẹ́ wọn.

Ọ̀pẹ méje ló wà nínú oko. Ebè tí àwòrán kò fi hàn lábẹ́ wọn jẹ́ 67. Méjì yòókù, a rí wọn lẹ́bàá ààlà, níbi tí àwọn fúnra wọn ti da koríko tí wọ́n ṣán bò wọ́n. Ó pé 69 géérégé.

Bàbá Oko ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú owó jáde, wọ́n kà á lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi. Ojú ẹ̀rọ ni mo gbà gbọ́.” Wọ́n wá kọjú sí mi: “Ìwọ náà, bẹ̀ ẹ́.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Bàbá Oko pa òwe yẹn fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dróònù sì ni igi tí mo gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí òótọ́ lóko kì í ṣe àgbà, ẹgbẹ́ mi ni. Ó mọ iye ebè náà torí pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí kámẹ́rà ò fi rí i?

Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kámẹ́rà kò lè ya ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá dí ọ̀nà láàárín ebè àti kámẹ́rà, ó parí. Kò kan bóyá kámẹ́rà náà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Ìkejì kò hàn sí gbogbo èèyàn. Àárín gbùngbùn àwòrán nìkan ni dróònù ti ń wo nǹkan láti orí tààrà. Bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí àárín ni kámẹ́rà ń wò ó ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí i. Ìyẹn ló fà á tí igi tó wà létí àwòrán fi máa ń dà bíi pé ó fì síta, tí orí rẹ̀ á sì bo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi tó bá ga jù lọ ló máa bo ilẹ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pẹ ga!

Ọgbọ́n wà tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń dá sí i. Wọn kì í ya ẹyọ kan. Wọ́n á mú kí dróònù máa lọ sókè sódò lórí oko bí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọ́n á sì ya ọ̀pọ̀ àwòrán tí ọ̀kan ń gorí èkejì, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà á wà nínú àwòrán bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kọ̀ǹpútà á wá so wọ́n pọ̀. Ohun tí ojú wa méjèèjì ń ṣe náà nìyẹn: ojú ọ̀tún àti ojú òsì kì í rí nǹkan bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ èyí tó jìnnà àti èyí tó sún mọ́ni. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀, n bá rí díẹ̀ sí i nínú ebè 69 yẹn. N kò ní rí gbogbo wọn. Èyí tó fara pamọ́ sí ìdí ọ̀pẹ gan-an, ẹsẹ̀ nìkan ló lè gbé yín débẹ̀.

Kì í ṣe òní ni kámẹ́rà ti ń wọn ilẹ̀ láti òkè

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wíwọn ilẹ̀ ti wà nínú fọ́tò òkè látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1858, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Nadar wọ inú bàlúùn ńlá nítòsí Paris, ó sì ya ilẹ̀ láti òkè. Ara ohun tó ní lọ́kàn ni kí wọ́n máa fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wọn ilẹ̀ oníkálukú. Àwọn àwòrán tó yà nígbà yẹn ti sọnù. Èyí tó pẹ́ jù tó ṣì wà títí dòní ni ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tí James Wallace Black yà láti inú bàlúùn ní ọdún 1860.

Ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ Yamaha ní Japan ti gbé bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú jáde ní ọdún 1987, èyí tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko ìrẹsì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà gba àwọn orílẹ̀-èdè wa níyànjú pé kí wọ́n lo dróònù fún iṣẹ́ àgbẹ̀.

N kò sì ní kí ẹ má lò ó o. Nínú fíìmù wa kan náà, a rí ipa kan tí omi òjò ọdún tó kọjá gbà já oko náà láàárín, tí ẹnikẹ́ni ò rí nígbà tí a dúró sílẹ̀. Bàbá Oko ti ní kí wọ́n kọ́ ebè tó dínà fún un kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan tún wà tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí. Ewé tí ara rẹ̀ le máa ń dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn padà sókè. Èyí tó ń ṣàìsàn kì í dá a padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ apá ibi tí nǹkan ti ń ṣe oko kí ewé tó pọ́n. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò lè sọ bóyá òùngbẹ ni, kòkòrò ni, àbí ajílẹ̀ ni kò tó. Ẹ ṣì máa wọ bàtà, ẹ máa lọ wò ó.

Kí ẹ tó gbé e sókè

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra dróònù, ẹ gbọ́ o. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé fò bí ó ṣe wù ú. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ONSA, ìyẹn ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó náwó.

Àṣẹ kejì, kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo kà á sí bákan náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ni oko tó yí yín ká. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí ẹnì kan bá rí ohun tó ń kùn lókè orí rẹ̀, á rò pé bóyá wọ́n fẹ́ wá gba ilẹ̀ òun ni, tàbí ajínigbé ló ń ṣọ́ òun. Àrọ́wọ́tó ni ìlú, Bàbá Oko ló lọ bá àwọn aládùúgbò oko sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní òun ò fẹ́ kó kọjá lórí oko òun, a ò sì jẹ́ kó kọjá níbẹ̀.

Ohun tó kù nìyí. Kí àwọn ọmọ Kétu yẹn tó lọ, ọ̀gá wọn ní òun fẹ́ kí n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí fóònù òun, kí òun lè fi han ìyá òun nílé. Mo ṣí i fún un. A jọ ń wò ó: oko ń tàn, òjìji ebè tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, àwọn méjì sì ń gbé ọkọ́ sókè sódò bí èèrà.

Ó wò ó títí. Ó ní, “Ó dáa o. Ṣùgbọ́n èwo ni èmi níbẹ̀?”

Fìlà nìkan ló hàn. Èmi gan-an ò lè sọ èwo ni òun.

Òkukù kan náà ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé tó kọ́ oríkì lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìlú; ìwé tó kọ lórí rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní ọdún 1991. Inú oríkì, orúkọ èèyàn máa ń wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ilé tó ti wá. Inú fíìmù tèmi, èèrà méjì ló wà níbẹ̀.

A ti kó dróònù sínú àpò, bátìrì rẹ̀ sì ti tán. Mo bá mú fóònù mi, mo ní kó gbé ọkọ́ rẹ̀ dání, kó dúró níwájú ebè tó kẹ́yìn, èyí tó ki igi kẹfà bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀, ó ní, “Ẹgbẹ̀fà lèyí o, ìyá mi, ó pé.” Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i.